Ẹ Yé Fi Irun àti Ṣòkòtò Dá Ọmọ Ọlọ́mọ Lẹ́jọ́: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàrin Wa

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe ní Arákàlẹ̀, níhìn-ín ní Àkúrẹ́. Irú aṣọ sẹ́nátọ̀ tí pásítọ̀ máa ń gbé wá kí n rán náà ni gbájú-ẹ̀ máa ń gbé wá. Àwọn méjèèjì á ní kí n fi gọ́ọ̀mù-sítéè tó le sí ọrùn, wọ́n á ní kí ṣòkòtò má fún àwọn nítan, wọ́n á sì máa pè mí láti àárọ̀ Jímọ̀ pé ọ̀la ni òde. Bí wọ́n bá gbé e wọ̀ tán, ẹ ò lè mọ èwo ni èwo. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà wa ń sọ nípa àwọn ọ̀dọ́, ní ìdíkọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù, ní ìpàdé àwọn lándìlọ́ọ̀dù, fi máa ń yà mí lẹ́nu. Wọ́n á wo irun, wọ́n á wo ṣòkòtò, wọ́n á gbọ́ bí ahọ́n ẹni náà ṣe yí, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Àwọn àṣìṣe tí mo máa ń rí jù níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ó wà lára wọn tó ti gbẹ̀mí èèyàn.

"Irun dàda ló ní, ọmọ Yahoo ni"

Ẹ wo bó ṣe máa ń lọ. Bọ́ọ̀sì kún fọ́fọ́, ó ń ti Iléṣà bọ̀ wá sí Àkúrẹ́. Àwọn ọlọ́pàá dá a dúró. Ẹni tó mú tọ́ọ̀ṣì dání tàn án gba ojú fèrèsé wọlé. Iná náà fo ìyá oníṣòwò, ó fo bàbá alágbádá, ó wá dúró lórí ọmọkùnrin kan ní ìjókòó ẹ̀yìn, tó ní irun dàda, tó gbé báàgì láptọ́ọ̀pù lé itan. "Ìwọ, sọ̀ kalẹ̀. Mú fóònù ẹ wá." Kò sẹ́ni tó bi bàbá alágbádá léèrè ohun tó wà lápò rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ń kùn pé ilẹ̀ ti ń ṣú. Obìnrin kan ní, "Ṣé kò lè gé irun ẹ̀ bí ọmọ gidi ni?" Bàbá alágbádá wá fi òǹtẹ̀ lù ú: "Wọn ò lè ṣàdédé mú u."

Gbólóhùn bàbá yẹn ni àṣìṣe àkọ́kọ́. Wọ́n lè ṣàdédé mú u, wọ́n sì ti ṣàdédé mú ọ̀pọ̀. Adigunjalè ni wọ́n tìtorí ẹ̀ dá SARS, ikọ̀ ọlọ́pàá kan, sílẹ̀ ní ọdún 1992. Nígbà tó yá, ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù, ẹni tó ya tátù, ẹni tó wa ọkọ̀ tó dáa ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ ni wọ́n ń dá dúró. Ohun tó lé àwọn ọ̀dọ́ jáde sígboro ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 nìyẹn, Àkúrẹ́ náà ò sì gbẹ́yìn, títí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá fi kéde ní ọjọ́ 11 oṣù náà pé wọ́n ti tú SARS ká.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé òfin ti sọ̀rọ̀ kí ìwọ́de yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá tuntun tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 sọ ọ́ kedere pé àwọ̀ ara èèyàn, ọjọ́ orí rẹ̀, bó ṣe ṣe irun rẹ̀ tàbí bó ṣe múra kò tó ìdí láti dá a dúró kí wọ́n sì tú ara rẹ̀ wò. Ó fi kún un pé èrò tí aráyé ti ní tẹ́lẹ̀ nípa irú àwọn èèyàn tó máa ń hùwà ọ̀daràn kò tó ìdí bákan náà. Irun, aṣọ àti àwọ̀ ara: òfin ti yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò nínú ẹ̀rí. Àwa tí a jókòó sínú bọ́ọ̀sì ló ṣì ń fi wọ́n jẹ́rìí.

Mi ò sọ pé kò sí ọmọ Yahoo. Wọ́n wà, wọ́n sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn òbí kan sì wà tó mọ̀ tí wọn ò sọ nǹkan kan nítorí pé wọ́n ń bá wọn jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì, ń kó lọ sílé ẹjọ́ bí wọ́n bá mú wọn: àkọsílẹ̀ báńkì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì, orúkọ èké tí wọ́n ń jẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mi ò tíì gbọ́ ọ rí pé wọ́n gbé orí tí irun wà lórí rẹ̀ síwájú adájọ́ pé ẹ̀rí nìyí.

Láti ọdún 1981 ni yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti wà nílùú yìí. Ohun tí a ní kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ náà gan-an ni kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá rí ọmọ tó gbé láptọ́ọ̀pù ní Nọ́ọ̀tì Géètì FUTA tó wá ń fura sí i, bí ẹni tó rí àgbẹ̀ kòkó pẹ̀lú àdá lọ́nà Ìdànrè tó sì figbe ta pé apànìyàn dé ló rí.

Má fi "kò sí nínú àṣà wa" pa wọ́n lẹ́nu mọ́

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ jù ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tó ń sọ ọ́ sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ó mú fọ́tò bàbá rẹ̀ wá kí n wò ó rán aṣọ ìrántí. Nínú fọ́tò náà, ọdún 1974 tàbí 1975 ni yóò jẹ́, bàbá wọ ṣòkòtò tí ẹnu rẹ̀ gbàgàdà débi pé ẹ ò rí bàtà, ó wọ ẹ̀wù tó fún un láyà pinpin, irun áfúrò rẹ̀ sì yọ kúrò nínú férémù. Bàbá yẹn náà gbọ́ tiẹ̀ nígbà náà. Wọ́n pè é ní ìpátá. Lónìí olóyè ni, òun náà ló ń pariwo pé ṣòkòtò ọmọ-ọmọ òun ti fún jù.

Ká tiẹ̀ kúrò lórí fọ́tò. Ọmọ tí irun rẹ̀ bá ta kókó látọ̀run wá, Dàda la sọ ọ́, owó ẹyọ la sì ń so mọ́ ọn lórí. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kàn ṣàdédé fá a. Ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ọkùnrin pátápátá, irun dídì ló wà lórí rẹ̀. Àwọn ìyá wa àgbà fín ara, ẹ ṣì lè rí i ní apá àwọn kan tó ṣẹ́kù. Ní Oǹdó lọ́hùn-ún, ilà kan gbọọrọ tó gùn láti abẹ́ ojú dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ la fi ń mọ ọmọ onílùú. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo èyí tí a fi sọ pé olè ni ẹni tó ní in.

Ohun tó wá dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò fàyè gbà á kí ẹnikẹ́ni kọ ilà tàbí ya tátù sára ọmọdé. Ẹni ọdún 25 tó fowó ara rẹ̀ ya òdòdó sí apá ara rẹ̀ kò rú òfin kankan. Àgbà tó bá gbé abẹ lónìí tó kọ ilà sójú ọmọ jòjòló, òun lòfin ń wá.

Wọ́n á ní, "Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀." Òótọ́ ni, èmi náà máa ń pa á fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi bí wọ́n bá fẹ́ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì lọ gba aṣọ lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ múra ni òwe yẹn ń kìlọ̀ fún. Ó ń sọ fún un bí ayé ṣe ń ṣe. Kò sọ fún ayé pé ohun tó ń ṣe dáa, ká má tiẹ̀ wá sọ pé ó ní kí wọ́n ti èèyàn mọ́lé.

Òfin ilé-iṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹ̀sùn, ó sì yẹ kí n sọ ìyẹn kí wọ́n má bàa ṣì mí gbọ́. Bí báńkì bá ní kí òṣìṣẹ́ òun di táì, bí ilé-ìwé bá ní yúnífọ́ọ̀mù, bí ìyá bá ní kò sí ẹni tí yóò bá òun jẹun pẹ̀lú ṣòkòtò tó já sí ìdí, gbogbo rẹ̀ dáa. Ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn. Ohun tó burú ni kí a kúrò lórí "mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀" ká bọ́ sórí "olè ni".

Jàlàbíà àti ahọ́n tó yí

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le, nítorí ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni dá sílẹ̀ lórí asán. Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Ìsinmi, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti St. Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀, wọ́n pa nǹkan bí 40 èèyàn tó wá jọ́sìn. Kò sí ilé kan ní ìpínlẹ̀ yìí tí ìròyìn náà ò dé. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 2021, ni Gómìnà Akérédolú ti pàṣẹ pé kí àwọn darandaran jáde kúrò nínú igbó ọba láàárín ọjọ́ 7, nítorí ìjínigbé. Ẹni tó bá ní kí a má bẹ̀rù, kò gbé níbí.

Àṣìṣe wa ni pé a gbé ẹ̀rù náà lé aṣọ lórí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá wọ jàlàbíà, tí Yorùbá rẹ̀ bá ní Haúsá lẹ́nu, gbogbo ojú á yí sí i: ẹni tó ń tún bàtà ṣe ní kọ̀rọ̀, ẹni tó ń já àlùbọ́sà àti tòmátò ní ọjà Ṣáṣá, ẹni tó ń gun ọ̀kadà. Ó sì wà nínú wọn tó jẹ́ pé Sábó níbí ni wọ́n bí i sí, tó gbọ́ èdè Àkúrẹ́ ju ọmọ wa tí a rán lọ sí Èkó lọ. Àwọn tó ń ṣe ibi náà mọ bí a ṣe ń ronú. Ta ni yóò fẹ́ ṣiṣẹ́ ibi tí yóò wọ ohun tí gbogbo ayé ń fura sí?

Ọdún Iléyá kan, ọmọkùnrin kan wá ran jàlàbíà lọ́dọ̀ mi. Ọmọ Yorùbá ni, mùsùlùmí, Òkè-Àró ni wọ́n ń gbé. Mo ti ń wọn ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fi ọrùn Yorùbá sí i, kí wọ́n má bàa dá mi dúró lọ́nà yídì." Mo bi í léèrè irú ọrùn wo ni ọrùn Yorùbá. Òun náà ò mọ̀. A jọ rẹ́rìn-ín, mo sì fi iṣẹ́ ọnà bíi ti bùbá sí i níwájú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi gé aṣọ yẹn tán.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣọ́ àdúgbò, ẹ ṣọ́ ohun tí èèyàn ń ṣe. Àwọn wo ló ń dé lóru tí wọn kì í jáde lọ́sàn-án? Ọkọ̀ wo ló ti yí ilé kan po lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ kan, kí ni nọ́ńbà rẹ̀? Kí ni wọ́n ń kó wọnú ilé tí kò sẹ́ni tó ń gbé? Ìròyìn tí Àmọ̀tẹ́kùn tàbí ọlọ́pàá lè fi ṣiṣẹ́ nìyẹn. "Haúsá kan wà lópòópónà wa" kì í ṣe ìròyìn. Èyí tó burú jù ni kí ẹnìkan ké "olè" tàbí "ajínigbé" láàárín ọjà nítorí ojú tó rí. Táyà àti epo bẹntiróòlù kì í dúró gbọ́ àlàyé, ẹni tó sì kọ́kọ́ ké náà ò ní rí ohun tí yóò sọ fún ìyá ọmọ yẹn.

Kì í ṣe Haúsá nìkan o. Ẹ lọ wá ilé gbà ní Ìjàpò tàbí Ọ̀bà-Ilé kí ẹ gbọ́. "Mi ò gba Ìgbò." "Ègbìrà máa ń fa ìjà." "Àwọn Ìlàjẹ, àní kí ẹ má kó wọn wá." Ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ni Ìlàjẹ o! Abala 42 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 kò gbà kí ìjọba fi ẹ̀yà, ibi tí èèyàn ti wá tàbí ẹ̀sìn fìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà. Lándìlọ́ọ̀dù lè ní ìyẹn ò kan òun nínú ilé òun. Kò burú. Ṣùgbọ́n ní ti owó ilé gan-an, ibi iṣẹ́ ẹni náà, oníduùró rẹ̀ àti ẹnu lándìlọ́ọ̀dù tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò sọ bóyá yóò san án. Orúkọ ìlú rẹ̀ kò ní sọ ọ́.

Ohun tí à ń sunkún lé lórí lókè òkun

Ìyá tó ń sọ pé gbogbo Gàm̀bàrí ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, òun náà ló ń pe ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lálẹ́ pé, "Má wọ aṣọ onífìlà yẹn jáde lóru o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rógun dúdú." Ó mọ ohun tó ń sọ. Lọ́jọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2012, ní ìlú Sanford ní Florida, Trayvon Martin, ọmọ ọdún 17, aláwọ̀ dúdú, wọ húùdì, ó lọ ra súwíìtì àti ohun mímu, ó ń padà bọ̀. Ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ àdúgbò rí i, ó pe ọlọ́pàá pé ojú ọmọ yìí ò dáa. Ẹni tó gbé fóònù sọ fún un pé kò sídìí láti máa tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà yìnbọn pa ọmọ náà. Ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2013. Kódà lórí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, ẹnìkan sọ pé húùdì náà jẹ̀bi ikú ọmọ yẹn tó ẹni tó yìnbọn.

Ní New York, lọ́dún 2011 nìkan, ọlọ́pàá dá èèyàn dúró lójú pópó ju ìgbà 680,000 lọ, aláwọ̀ dúdú àti àwọn tó ti ilẹ̀ Látìn wá ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni wọ́n ní kí wọ́n máa lọ nígbà tí wọn ò rí nǹkan kan. Ní ọdún 2013 adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é lòdì sófin orílẹ̀-èdè náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ọjà ńlá Bluewater ní Kent fòfin de húùdì bíbò lórí ní ọdún 2005.

Ẹni tó dá ọmọ wa dúró lọ́hùn-ún kò bi í bóyá ọmọ Olóyèmẹkún ni tàbí ọmọ Oǹdó Ẹ̀gin. Àwọ̀ àti fìlà ló rí. Ohun tí a sì ń rí lára ọmọ tó ń tún bàtà ṣe níwájú ilé wa náà nìyẹn. Ní ti húùdì, ọmọ ilé-ìwé tó bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọyẹ́ níbí, òtútù ló ń mú un.

Ẹ̀yìn àṣìṣe náà: a fọ́jú sí ẹni tó múra dáadáa

Mo rò pé èyí ló ná wa lówó jù. Ní ọdún 2016, gbogbo ilé ló ń sọ̀rọ̀ MMM, ètò ìsọdipúpọ̀ owó kan. Àwọn tó ń pè wá sí i di táì, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n ń jẹ́rìí bí ẹni wà ní ìsọjí. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá wọ́n ti ilẹ̀kùn owó pa, owó ọ̀pọ̀ èèyàn sì há síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n mú fóònù wá. Ojú wa wà lára ọmọ oníjíǹsì tó ya lórúnkún, oníkóòtù gba ẹ̀yìn wa wọlé.

Ti àwọn ọmọbìnrin

Ọ̀rọ̀ mi ò ní pọ̀ níbí. Kí a má fi gígùn síkẹ́ẹ̀tì pe ọmọ ẹnìkan ní aṣẹ́wó. Bí wọ́n bá sì fipá bá ọmọ lò pọ̀, kí "Kí ló wọ̀?" má jẹ́ ìbéèrè tí yóò tẹnu wa jáde. Wọ́n ń fipá bá ọmọ ọdún mẹ́ta lò. Wọ́n ń fipá bá ìyá arúgbó lò. Aṣọ wo ni wọ́n wọ̀?

Bí wọ́n bá wá mú ọmọ rẹ nítorí irun rẹ̀

Àṣìṣe tí òbí kọ́kọ́ ń ṣe ni kí fóònù dún, kí ọmọ ní "Mọ́mì, wọ́n ti mú mi," kí ìyá dáhùn pé, "Ṣé mi ò sọ fún ẹ kí o gé irun yẹn?" Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọmọ náà ní lórí fóònù. Béèrè orúkọ àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n gbé e lọ, béèrè ohun tí wọ́n ló ṣe, sọ fún un kó má fọwọ́ sí ìwé kankan tí kò kà. Ọ̀rọ̀ irun lè dúró di ìgbà tó bá délé.

Abala 35 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè fún un ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó bá wù ú sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sílẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Níbi tí ilé ẹjọ́ tó lágbára láti gbọ́ ọ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀, kò sì sí ibi tí ilé ẹjọ́ jìnnà sí nínú Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó. Bí owó agbẹjọ́rò bá ń ni yín lára, ẹ béèrè Legal Aid Council. Ìjọba àpapọ̀ ló dá a sílẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni béèlì, kódà wọ́n kọ ọ́ sára ògiri lọ́pọ̀ àgọ́. Ìyá ò sì nílò láti máa sáré kiri wá ọkùnrin tí yóò bá òun dúró: òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015, tí wọ́n ń pè ní ACJA, kò gbà kí wọ́n kọ obìnrin lóníduùró torí pé obìnrin ni. Kó mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ dání, kó mú ìwé tó fi ibi iṣẹ́ tàbí ilé-ìwé ọmọ náà hàn, kó sì kọ orúkọ ọlọ́pàá tó bá sọ̀rọ̀ sílẹ̀.